Irọ́ Kan fún Obìnrin Púpọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Òwe náà tọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí ojú ẹni tí a purọ́ fún yóò ti rí láàárín ogún ọdún náà, bẹ́ẹ̀ ni kò dárúkọ ẹni tí òtítọ́ máa ń rán níṣẹ́ nígbà tí ó bá gbéra láti lé irọ́ bá. Ohun méjì yìí ni mo fẹ́ wò lórí ọ̀ràn kan tí ó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín bí ó bá ṣẹlẹ̀ nílé onílé, tí ó sì máa ń pa wá lẹ́kún bí ó bá ṣẹlẹ̀ nílé tiwa: ọ̀ràn ọkùnrin kan ṣoṣo tí ó tan obìnrin méjì, mẹ́ta, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ọ̀rọ̀ dídùn tí ó sọ fún Àṣàkẹ́ kò fi ohunkóhun yàtọ̀ sí èyí tí ó sọ fún Àmínátù, tí àwọn méjèèjì sì gbà á gbọ́. Nínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, ta ni ẹlẹ́ṣẹ̀? Ṣé ẹni tí ó purọ́ nìkan ni, àbí ẹni tí ó gba irọ́ gbọ́ náà ní ìpín tirẹ̀? Bí obìnrin tí a tàn bá sì wí pé inú òun dùn, ṣé ẹ̀tàn náà ti di ìfẹ́ nìyẹn, àbí ẹ̀tàn ni ó ṣì ń jẹ́ níwájú Ọlọ́run?

Kò sí ibi tí ìbéèrè yìí bá mu bí ìlú Mínnà, pàápàá àdúgbò Nassarawa, tí ó gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí a fi pín in sí wọ́ọ̀dù mẹ́ta lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Chanchaga. Ilẹ̀ àwọn Gwàrí ni Mínnà láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ṣùgbọ́n rélùwéè ni ó sọ ọ́ di oríta ayé. Ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Èkó ní 1896 gba Ìbàdàn kọjá, ó gba Òṣogbo, ìlú Ọ̀ṣun, ó gba Ìlọrin, ó sì dé Jẹ́bà létí Odò Ọya ní 1909. Èkejì gbéra láti Bárò ní 1907, ó forí lé Kánò. Ní Mínnà ni àwọn méjèèjì ti pàdé, nígbà tí ó sì di 1912, ìjọba so wọ́n pọ̀ di iléeṣẹ́ kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà ni fáyámàn, gáàdì, akọ̀wé téṣàn àti oníṣòwò láti ilẹ̀ Yorùbá ti ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n ń bá Gwàrí, Tápà àti Haúsá gbé, tí wọ́n sì ń fẹ́ra wọn.

Ẹ̀dá kan wà tí a máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ní àwọn ìlú tí ojú irin gbà kọjá: ọkùnrin rélùwéè tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye téṣàn tí ọkọ̀ rẹ̀ ń dúró sí. Ní Ọ̀fà, àpọ́n tí ń wá ẹni tí yóò fi ṣe aya ni í ṣe. Ní Jẹ́bà, bàbá ọlọ́mọ kan tí ìyàwó kọ̀ sílẹ̀ ni. Nígbà tí yóò bá fi dé Mínnà, ó ti di ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kú sórí ìkúnlẹ̀, omi á sì lé ròrò sí i lójú bí ó ti ń sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ìyàwó náà tí ó ti fi ẹnu sin wà ní Ìbàdàn ní wákàtí náà gan-an, tí ó ń ro àmàlà, tí ó sì ń gbàdúrà fún ọkọ rẹ̀ tí iṣẹ́ ọba kò jẹ́ kí ó sinmi. A máa ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí a bá dá ẹ̀rín dúró, a ó rí i pé kì í ṣe ẹwà ọkùnrin náà ni ó ṣe iṣẹ́ yìí, kì í sì í ṣe àìgbọ́n àwọn obìnrin náà.

Ní ilẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́, ọkùnrin kì í dá jẹ́rìí ara rẹ̀ fún ìdílé àfẹ́sọ́nà. Alárenà ni yóò máa lọ, tí yóò máa bọ̀. Àwọn àgbà ilé ọmọbìnrin yóò wádìí bóyá àrùn tí a kì í dárúkọ wà nínú ìran náà, bóyá ajẹgbèsè ni wọ́n, bóyá wọ́n a máa na aya wọn. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò tó gbé ọ̀rọ̀ lọ síwájú Ifá. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ilé náà ni à ń wò kí a tó fi ọmọ fún ọkọ. Ọkùnrin tí ó sọ̀ kalẹ̀ ní téṣàn Mínnà pẹ̀lú àpótí pákó kan àti fìlà tí ó gún régé kò ní ilé tí a lè wò. Ilé rẹ̀ jìnnà réré, kò sí ẹni tí ó mọ ìyá rẹ̀, kò sí ẹni tí ó mọ ìnagijẹ tí wọ́n fi ń pè é ní àdúgbò rẹ̀. Òun ni olùpẹ̀jọ́, òun ni ẹlẹ́rìí, òun náà ni adájọ́. Mo gbà pé níbẹ̀ gan-an ni gbòǹgbò ẹ̀ṣẹ̀ yìí wà: kì í ṣe pé ọkùnrin fẹ́ obìnrin púpọ̀, bí kò ṣe pé ó sọ ara rẹ̀ di ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí a lè bi léèrè.

Irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀ kò kúkú bẹ̀rẹ̀ lójú irin. Ẹ jẹ́ kí a ṣí ìwé Gẹ́nẹ́sísì. A mọ ìtàn Jákọ́bù tí ó fi ọdún méje sin Lábánì nítorí Rákélì, tí ó jẹ́ pé nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó mọ́, Léà ni ó bá lórí ẹní. Àwọn oníwàásù a máa fi Jákọ́bù rẹ́rìn-ín níhìn-ín, wọ́n á ní ẹ̀san ni, nítorí òun náà ni ó fi awọ ewúrẹ́ bo ọwọ́ kí ó lè tan bàbá rẹ̀ tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ kí a gbọ́ ìwàásù lórí àwọn obìnrin méjì tí ọkùnrin kan náà, bàbá tí ó bí wọn lọ́mọ, fi pa owó ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ohun tí Lábánì sọ fún Léà kí ó tó fi òkùnkùn bojú mú un wọ yàrá, Ìwé Mímọ́ kò kọ ọ́. Ohun tí ó sọ fún Rákélì kí ó lè dákẹ́ jẹ́ẹ́ nígbà tí wọ́n ń jẹ àsè ìyàwó rẹ̀ lórí ẹlòmíràn, kò kọ ìyẹn náà. A kàn mọ̀ pé ẹni kan ṣoṣo ni ó sọ ọ́, àti pé àwọn ọmọ méjèèjì gbà.

Èyí tí ó tẹ̀lé e ni pé wọ́n kọjú ìjà sí ara wọn. Wọ́n ń fi orúkọ ọmọ pa òwe mọ́ra wọn. Léà fi èso mándrákì tí ọmọ rẹ̀ já bọ̀ láti oko yá ọkọ ara rẹ̀ lọ́wọ́ Rákélì fún alẹ́ ọjọ́ kan, ó sì jáde lọ pàdé Jákọ́bù lọ́nà kí ó lè sọ fún un pé òun ti san owó rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń jà yìí, Lábánì ń jẹun. Àwa náà ní irú rẹ̀ nílé: a kì í sọ ìtàn Ọbà àti Ọ̀ṣun kí a má sọ ti etí tí Ọbà gé sínú ọbẹ̀, a ó bú Ọ̀ṣun pé ó kọ́ orogún ní ìkọ́kúkọ̀ọ́, a ó káàánú Ọbà, ṣùgbọ́n Olúkòso, ọkọ Ọya, ẹni tí wọ́n torí ikùn rẹ̀ ṣe gbogbo wàhálà náà, yóò nu ẹnu rẹ̀ nù, yóò sì dìde nídìí oúnjẹ láìsí ẹni tí ó bi í ní ọ̀rọ̀ kan.

Jákọ́bù kà á pé ogún ọdún ni òun lò nínú ilé Lábánì, iye tí òwe wa dá fún irọ́ gẹ́lẹ́. Ọjọ́ tí òtítọ́ lé irọ́ náà bá ni ọjọ́ tí ó ránṣẹ́ pe àwọn obìnrin méjèèjì sínú pápá, tí wọ́n jọ dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n sì fi ohùn kan dáhùn pé bàbá àwọn ti ta àwọn, ó sì ti jẹ owó àwọn tán. Nígbà tí wọ́n sá, tí Lábánì lé wọn bá, tí ó ń tú àgọ́ kiri láti wá àwọn òrìṣà ilé rẹ̀, inú gàárì ràkúnmí ni Rákélì kó wọn sí, ó jókòó lé wọn, ó sì bẹ bàbá rẹ̀ kí ó má bínú, nítorí òun kò lè dìde, ohun tí ń ṣe obìnrin ni ó ń ṣe òun. Èmi kò wí pé olè jíjà dára. Mo kàn ń wí pé ọ̀gá ẹ̀tàn pàdé ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹnìkan lè wá wí pé oògùn ẹ̀tàn rọrùn nígbà náà, kí àwọn obìnrin sáà ti máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Nínú The Lion and the Jewel, eré tí Wọlé Ṣóyínká kọ, tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn ní 1959, Baroka, Baálẹ̀ Ìlújìnlẹ̀, fẹ́ Sidi ọlọ́mọge, Sidi sì kọ̀ ọ́. Arúgbó náà kò jà. Ó pe Sadiku, ìyáálé rẹ̀, ó fi ohùn aláàárẹ̀ sọ fún un pé agbára ọkùnrin ti tán lára òun, ó sì bẹ̀ ẹ́ kí ó fi ọ̀rọ̀ náà ṣe awo. Inú Sadiku dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbé ère Baálẹ̀ wá sí gbàgede, tí ó ń jó yí i ká, tí ó sì tú àṣírí fún Sidi. Sidi ní òun yóò lọ fi arúgbó ṣe yẹ̀yẹ́, nígbà tí yóò sì fi padà dé, òun ni wọ́n ti fi ṣe é, ló bá di ẹrù rẹ̀, ó gba ilé ọkọ lọ. Níhìn-ín, obìnrin bá obìnrin sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà gan-an ni ó sì gbé irọ́ dé ibi tí ẹni tí ó pa á ń fẹ́. Kò sí èyí nínú àwọn méjèèjì tí ó yà lọ bi ààyò tí ń fa irun abíyá Baroka léèrè. Ẹnu méjì ni wọ́n fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni ó wà nínú ọ̀ràn náà.

Ọlá Rótìmí fi ẹ̀gbẹ́ kejì hàn wá nínú Our Husband Has Gone Mad Again, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ní 1966. Lejoka-Brown, ológun tí ó ti fi iṣẹ́ ogun sílẹ̀ tí ó sì ń lépa ipò òṣèlú, ti fẹ́ Liza, dókítà ọmọ Kẹ́ńyà, láìsọ fún un pé Mama Rashida, tí òun jogún lẹ́yìn ikú ẹ̀gbọ́n òun, wà nílé, àti pé Sikira, tí òun fẹ́ nítorí ìbò àwọn obìnrin ọjà, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Liza dé láìròtẹ́lẹ̀, ojú ara rẹ̀ sì ni ó fi rí ohun tí etí rẹ̀ kò gbọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìjà, wọ́n parí rẹ̀ pẹ̀lú ọgbọ́n: Liza kọ́ Mama Rashida bí a ti ń ta ẹyin lérè, nígbà tí eré yóò sì fi parí, òṣèlú tí ọkùnrin náà torí rẹ̀ fẹ́ Sikira ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Sikira gan-an ni àwọn obìnrin sì gbé dìde.

Ọ̀ràn tí ó sún mọ́ wa jù lọ kì í ṣe ti orí ìtàgé. Ní 2008, ìròyìn Mohammed Bello Abubakar, tí a mọ̀ sí Bello Masaba, gbalẹ̀ láti Bídà: oníwàásù tí ó ti ṣe olùkọ́ rí, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí ó sì ní ìyàwó 86. Ó sọ fún àwọn oníròyìn pé ọkùnrin tí ó bá fẹ́ mẹ́wàá yóò ṣubú lulẹ̀, yóò sì kú, ṣùgbọ́n agbára tòun ti ọ̀dọ̀ Allah wá, ó sì gba àwọn ọkùnrin yòókù nímọ̀ràn pé kí wọ́n má dán an wò. Ó ní Al-Kùránì kò dá ìyà kankan fún ẹni tí ó bá kọjá mẹ́rin. Àwọn aṣáájú ẹ̀sìn kò gbà fún un. Ìgbìmọ̀ ẹ́míréètì Bídà ní kí ó mú mẹ́rin, kí ó kọ 82 sílẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ọlọ́pàá mú un, wọ́n gbé e wá sí Mínnà níbí, wọ́n fi í sí àhámọ́, ó sì jẹ́jọ́ níwájú ilé ẹjọ́ Ṣàríà. Kí ọdún tó parí, ó ti jáde. Ó padà sọ́dọ̀ àwọn aya rẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni ó sì wà títí ó fi papò dà ní oṣù Kínní 2017.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ka Masaba mọ́ ọkùnrin rélùwéè yóò bá ìṣòro pàdé, nítorí 86 kì í ṣe ohun tí a lè fi pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn: ìyàwó tí ó wọlé lónìí ń rí èyí tí ó wọlé lánàá. Àwọn kan nínú wọn sì la ẹnu wọn sọ fún àwọn oníròyìn pé inú àwọn dùn sí ọkọ àwọn. Bí a bá wá dáhùn pé wọ́n ti tàn wọ́n ni, wọn kò mọ̀ ni, kí a ṣọ́ra, kí àwa náà má baà fi ẹnu wa yàn fún àgbàlagbà obìnrin ohun tí yóò fẹ́ àti ohun tí yóò kọ̀. Síbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn aya náà sọ pé nígbà tí òun kọ̀ láti fẹ́ arúgbó, ohun tí ó sọ fún òun ni pé àṣẹ Ọlọ́run ni. Èmi kò dá ẹni tí ó ti wà níwájú Onídàájọ́ lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n mo bi gbogbo ẹni tí ń fi orúkọ Ọlọ́run fẹ́yàwó: alárenà wo ni ọmọbìnrin náà yóò rán lọ sọ́run láti lọ wádìí? Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo náà ni ó tún padà dé yìí, kàkà kí ó fi ọ̀nà jíjìn bojú, ọlá Ẹlẹ́dàá ni ó fi bojú.

Àwọn Mùsùlùmí ní hádíìsì kan tí ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu gẹ́lẹ́. Ànábì Muhammad ń kọjá lọ́jà, ó ti ọwọ́ bọ òkìtì ọkà kan, ó sì bá a pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ tutù. Ọlọ́jà ní òjò ni ó pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò kó èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì wí pé ẹni tí ó bá tan ni jẹ kì í ṣe ara wa. Ẹ kíyè sí i pé kò sọ pé kí ó má ta ọkà tútù. Ọkà tútù ní iye tirẹ̀. Fífi tí ó fi pamọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ìwé òfin ìjìyà tí ilẹ̀ Àríwá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1960 ronú lọ́nà kan náà: ẹni tí òfin kò gbà láyè láti fẹ́ aya kejì, tí ó sì fẹ́ ẹ, lè ṣe ẹ̀wọ̀n títí dé ọdún méje, ṣùgbọ́n bí ó bá fi ìgbéyàwó àkọ́kọ́ pamọ́ fún aya kejì náà, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè di ọdún mẹ́wàá. Ọdún mẹ́ta tí ó lé yẹn, ìpamọ́ nìkan ni ó ni ín.

Kí ló dé tí ìpamọ́ fi wúwo tó bẹ́ẹ̀? Ní ìgbàgbọ́ tiwa, olúkúlùkù ni ó kúnlẹ̀ yan orí tirẹ̀. Kò sí òbí, kò sí ọkọ, kò sí ọba tí ó lè kúnlẹ̀ bá ẹlòmíràn yàn. Ẹni tí ó purọ́ fún obìnrin kí ó lè rí i fẹ́, ó ti kúnlẹ̀ sí ipò rẹ̀, ó ti fi ẹnu obìnrin náà sọ bẹ́ẹ̀ ni sí ohun tí obìnrin náà gan-an kò mọ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi lè gbà fún àwọn tí ń wí pé obìnrin tí a tàn ni ó ya òmùgọ̀. Kí a gba ènìyàn gbọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, òun ni ọmọ aráyé fi ń bá ara wọn gbé. Ẹni tí ó jí owó nínú àpótí tí a kò tì ni olè, kì í ṣe ẹni tí ó ni àpótí. Ìdí náà nìyí tí inú dídùn kò fi lè sọ irọ́ di òtítọ́. Bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn ìwádìí sílẹ̀ fún obìnrin náà, tí ó wọlé, tí ó wo ohun gbogbo, tí ó sì wí pé òun gbà, ìpín tirẹ̀ ni, ìbáà ṣe òun ni ìkẹtàdínláàádọ́rùn-ún. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn náà, ẹ̀tàn ni, ìbáà ṣe òun nìkan ni aya, ìbáà máa rẹ́rìn-ín títí di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí òtítọ́ máa ń rán níṣẹ́ ni ẹnu kejì, ẹnu tí kì í ṣe ti ọkùnrin náà, tí kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ẹnu rẹ̀. Gbogbo ẹ̀sìn àti òfin tí ó wà láàárín wa ní Nassarawa ni ó mọ èyí kí a tó bí wa. Ìlànà Màlíkì tí àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ yìí ń tẹ̀lé kò fẹ́ kí a ṣe yìgì ní bòńkẹ́lẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì a máa kéde orúkọ ọkọ àti aya ní ọjọ́ ìsinmi mẹ́ta kí ẹni tí ó bá ní ohun tí ó mọ̀ lè sọ ọ́. Òfin ìgbéyàwó ìjọba ní kí ìwé ìkéde lo ọjọ́ 21 kí a tó fún wọn níwèé àṣẹ. Yorùbá ní alárenà. Àwa ni a sọ wọ́n di àṣehàn lásán, tí a ń ka orúkọ ní wéréwéré kí a lè tètè dé ibi ìrẹsì. Ẹ̀yin òbí, ẹ padà sẹ́nu ìwádìí. Ẹ̀yin lèmọ́ọ̀mù àti pásítọ̀, ẹ má so yìgì, ẹ má sì pa okùn ìgbéyàwó pọ̀ fún ọkùnrin tí kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ara rẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin, bí ọ̀rọ̀ bá dùn jù, ẹ wá ẹni tí kò rí nǹkan kan jẹ nínú rẹ̀, kí ẹ bi í. Ọkùnrin olóòótọ́ kò ní bínú sí i. Èyí tí ó bá sì wí pé ẹ má bi ẹlòmíràn léèrè, òun fúnra rẹ̀ ti dá ara rẹ̀ lẹ́bi.